Ta Ni Yóò Tú Okùn? Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Tipátipá fún Alárùn Ọpọlọ àti Ẹni Tí Oògùn Di Bárakú Fún

Bí orí ọ̀dọ́ kan bá dàrú ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tó kọ oúnjẹ, tó ń lé àwọn aládùúgbò kiri, àwọn ẹbí rẹ̀ mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn. Àwọn kan á gba ọ̀dọ̀ áàfáà lọ, àwọn kan á gba ilé àdúrà, àwọn mìíràn á lọ bá oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ ti kàn láti Ìlobùú dé Ìfọ́n. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà, ó lè rọ̀ wọ́n títí wọn yóò fi wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo tí kò jìnnà, kí wọ́n lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN, tàbí kí wọ́n tẹ̀ síwájú dé Wesley Guild ní Iléṣà. Ibì kan wà tí kì í sábà wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni: kóòtù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kóòtù ni ìyá tí heroin ti di bárakú fún ọmọ rẹ̀ lè gbà lọ, tí yóò fọwọ́ sí ìwé pé kí adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n mú ọmọ náà lọ síbi ìtọ́jú, bó fẹ́, bó kọ̀.

Ẹni tó bá ní àìmọ̀ òfin ni kò jẹ́ kí àwa ronú kan kóòtù, kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ta ni yóò wá pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ lẹ́jọ́? Ohun mìíràn tún wà tó lágbára ju èyí lọ. Ìlú àyàn ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Àwọn ìdílé onílù bàtá àti dùndún ibẹ̀ ti gbé orúkọ ìlú náà dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, débi pé Debra Klein tó jẹ́ onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kọ odindi ìwé lórí wọn, tó jáde ní 2007. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, orúkọ agbo ilé ni ohun ìní tó ṣe iyebíye jù. Kí ìdílé kan tó fi ọmọ fún òmíràn, ìwádìí á ti wáyé: ṣé wárápá kò sí níbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí níbẹ̀, ṣé wọn kì í ya wèrè nílé wọn? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì ti kà sókè ní kóòtù, tí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ti dáhùn ìbéèrè kẹta yẹn fún gbogbo ayé. Àbúrò aláìsàn, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù àfẹ́sọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sí yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kí ó dé ọjà. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà sì ni pé èyí tó bá ti wọ ọjà, a kò lè wò ó sàn mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Pé a kì í lọ sí kóòtù kò sọ pé a kì í fi ipá tọ́jú aláìsàn. Ipá kún ọwọ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò márùn-ún, mẹ́fà á ká ẹnì kan mọ́lẹ̀, wọ́n á fi okùn dì í tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n á jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣẹkẹṣẹkẹ ń bẹ ní ilé àdúrà, ó ń bẹ ní ilé oníṣègùn, ó ń bẹ ní ọ̀dọ̀ àwọn áàfáà kan. Ọlọ́pàá ń bẹ. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò dúró bi ẹni tó mú okùn lọ́wọ́ léèrè: kí lo rí tí o fi dè é, ta ló ní kí o dè é, ọjọ́ mélòó ni yóò lò, ta ni yóò sì tú u? Lójú tèmi, ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tipátipá dá lé lórí. Àwọn tó ń jà fún àṣẹ kóòtù máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé agbára láti mú aláìsàn ni kóòtù wà fún. Agbára yẹn ti pọ̀ jù nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí ẹnì kan lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ ni a kò ní.

Kóòtù kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà o. Ìjọba amúnisìn ló gbé e wá. Wọ́n ṣí ilé wèrè àkọ́kọ́ sí Calabar ní 1904, wọ́n ṣí ti Yábàá ní 1907. Ní 1916 wọ́n ṣe òfin tí wọ́n pè ní Lunacy Ordinance, májísíréètì ni wọ́n sì fi ṣe onílẹ̀kùn. Ẹnì kan á búra níwájú rẹ̀ pé orí lágbájá kò pé. Májísíréètì á ní kí dókítà wò ó. Bí ẹ̀rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á sì gbé onítọ̀hún lọ. Lórí ìwé, ètò tó dára ni. Ní ti ìṣe, àwọn tó ń da ìgboro rú ni ìjọba fẹ́ kó kúrò nílẹ̀. Aláìsàn tó ń rù sílé, tí kò yọ òyìnbó kankan lẹ́nu, kò kàn wọ́n. Àwọn ilé náà kún àkúnya, ìtọ́jú tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Èmi rò pé láti ìgbà yẹn ni kóòtù àti ilé wèrè ti so pọ̀ mọ́ ìjìyà lọ́kàn àwọn èèyàn wa. Òfin náà, pẹ̀lú orúkọ burúkú rẹ̀, ni wọ́n tún gbé jáde ní 1958, òun náà la sì ń lò di ọdún 2023. Rò ó wò: a gba òmìnira, a jagun abẹ́lé, ológun wá, ológun lọ, òfin wèrè ayé òyìnbó ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Nígbà tí dókítà òyìnbó kan, Robert Cunyngham Brown, wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fún ìjọba, tó sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1938, ó rí i pé bí àwọn èèyàn wa ṣe ń tọ́jú aláìsàn láàárín ẹbí kì í ṣe ohun tó yẹ ká sọnù. Ó dámọ̀ràn pé kí ìjọba kọ́ irú rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní ìlú Gheel ní Belgium, níbi tí aláìsàn ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú. Kò sí ẹni tó tètè ṣe é. Ọmọ Abẹ́òkúta ló wá ṣe é.

Thomas Adéoyè Lámbò, tí wọ́n bí ní 1923, padà dé láti Ìlú Ọba pẹ̀lú ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ, ó sì gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn Àró ní 1954. Ibùsùn kò tíì tó nígbà náà. Lántòrò, níbi tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí tẹ́lẹ̀, ti fìgbà kan rí jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Lámbò lọ bá àwọn bálẹ̀ àti àwọn onílé ní àwọn abúlé tó yí Àró ká, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá àwọn aláìsàn ní yàrá. Àdéhùn tó so mọ́ ọn ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Aláìsàn á gba abẹ́rẹ́ àti oògùn, á ṣiṣẹ́ oko, ìlù á dún, wọ́n á jó. Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ pẹ̀lú. Gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀; ó di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Àwọn kan máa ń ròyìn Àró bíi pé ipá kò sí níbẹ̀ rárá. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ẹbí mú wá kò ní í fẹ́ wá. Wèrè kì í gbà pé wèrè ni òun. Ohun tí Lámbò ṣe ni pé ó fi ẹni tó mú aláìsàn wá ti aláìsàn. Ìyá tó fi okùn mú ọmọ rẹ̀ wọ Àró kò lè jù ú síbẹ̀ kó padà sí ìdí ọjà rẹ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Bí ara ọmọ bá ti yá, òun ni yóò kọ́kọ́ rí i, ojú rẹ̀ náà ni yóò sì ṣe bí dókítà bá fẹ́ dá a dúró ju bó ti yẹ lọ. Kò sí kóòtù tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ètò náà gbára lé pé ẹbí wà, pé ẹnì kan nínú wọn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Lónìí, tí àwọn ọmọ ti wà ní Èkó, Kánádà àti Dubai, tí ìyá nìkan ṣẹ́ kù sílé, ta ni yóò tẹ̀ lé aláìsàn lọ?

Àwọn oníṣègùn wa náà kò ṣofo. Asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń lò fún wèrè láti ayébáyé ní èròjà reserpine nínú. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ èròjà náà láti ara igi mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní Íńdíà, tó di oògùn ọpọlọ nílé ìwòsàn wọn. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó gbé láàárín wa, kọ̀wé lórí iṣẹ́ àwọn oníṣègùn Yorùbá ní 1964. Ní àìpẹ́ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán nǹkan wò ní agbègbè Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana: wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì àti dókítà máa lọ bá aláìsàn ní ilé oníṣègùn àti ilé àdúrà tó wà, kí wọ́n jọ tọ́jú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020: àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú gbádùn ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún oníṣègùn nìkan. Bí ìjọba Ọ̀ṣun bá ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, òun rèé.

Apá kejì ìtàn náà korò. Human Rights Watch lọ sí ibi ìtọ́jú 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá láàárín 2018 sí 2019, àti ti ìjọba, àti ti onísìn, àti ti ìbílẹ̀. Fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibì kan nínú wọn tí wọn kò ti dá èèyàn dúró lòdì sí òfin. Wọ́n rí àwọn tí wọ́n so mọ́ igi, mọ́ irin, tí wọ́n ń jẹun tí wọ́n sì ń yàgbẹ́ lójú kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wọ ilé kan ní Olóore, Ojóò, ní Ìbàdàn, wọ́n sì kó èèyàn 259 jáde níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé àwọn ajínigbé ló kó wọn síbẹ̀. Nírú àwọn ilé bẹ́ẹ̀, òbí ló máa ń mú ọ̀pọ̀ wọn wá: ọmọ tó ń fa igbó, ọmọ tó ń jalè, ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé. Òbí sanwó, òbí padà sílé. Kò sí ìwé tó sọ ọjọ́ tí ọmọ yóò jáde.

Kí ni òfin wí? Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ní olúkúlùkù ló ní òmìnira ara rẹ̀, ó sì ka àwọn tí a lè gba òmìnira náà lọ́wọ́ wọn. Lára wọn ni ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, àti ẹni tí oògùn olóró tàbí ọtí ti di bárakú fún. Ó ní ìtọ́jú wọn tàbí ààbò ará ìlú ni kó jẹ́ ìdí rẹ̀, ó sì ní a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà tí òfin là sílẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣeré. Òbí tó ti ọmọ mọ́lé pẹ̀lú èrò rere kò tẹ̀ lé ìlànà kankan; wòlíì tó so aláìsàn mọ́ òpó kò tẹ̀ lé e; ọlọ́pàá tó gba owó kékeré láti mú ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn kàǹtà nítorí ìyá rẹ̀ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà kò tẹ̀ lé e.

Ìlànà tuntun wá dé. Láti 2003 ni àbá òfin ìlera ọpọlọ ti ń wọlé tó ń jáde ní Àbújá. Wọ́n fà á padà ní 2009, ó tún padà wá ní 2013, ó tún kú. Sẹ́nétọ̀ Ibrahim Oloriegbe láti Kwara wá gbé e dìde, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2023. National Mental Health Act 2021 ni wọ́n ń pè é. Ó pa òfin 1958 rẹ́. Ó ní ẹ̀tọ́ aláìsàn ni láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n ń fún un, láti ní aṣojú, àti pé a kò gbọdọ̀ fi ìdè jẹ ẹ́ níyà. Nípa ìtọ́jú tipátipá, ó ní kí a má gba ẹnikẹ́ni wọlé lòdì sí ìfẹ́ rẹ̀ àyàfi tó bá jẹ́ ewu ńlá fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn, tàbí tí àìsàn rẹ̀ yóò burú gan-an bí a bá fi í sílẹ̀. Ó sì ní kí ìgbìmọ̀ kan wà tí yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ wò, tí aláìsàn lè ké sí.

Ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe kúrò ní ọwọ́ májísíréètì bọ́ sí ọwọ́ dókítà, tí ìgbìmọ̀ sì ń ṣọ́ dókítà. Lọ́kàn mi, ó sàn bẹ́ẹ̀. Dókítà lè dé ibùsùn aláìsàn lónìí. Ẹjọ́ wa, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rìn: òní adájọ́ kò wá, ọ̀la lọ́yà ní kí wọ́n sún un síwájú. Ghana fi kóòtù sí i nínú òfin tiwọn ti 2012, wọ́n sì fi ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan tì í. Èkó ní òfin tirẹ̀ láti 2018. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ kì í dá rìn dé abúlé. Ìpínlẹ̀ ní láti gbé e wọlé, kó yan èèyàn, kó sì fowó sí i. Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300, fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Bí ìgbìmọ̀ bá wà lórí ìwé nìkan, a kàn gba àṣẹ lọ́wọ́ májísíréètì, a kò sì fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn tó di bárakú tún lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ti 2018 láti ọwọ́ UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró, fi hàn pé 14.3 mílíọ̀nù ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ìyẹn nǹkan bí ẹni mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ilé wa, wà lára àwọn tó ga jù: ó lé ní ẹni méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2018 kan náà ni ìjọba fòfin de omi ikọ́ oníkodíìn, ni àwọn ọmọ bá yí sí tramadol àti igbó àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní Colorado, wọ́n ń po àdàlù tí wọ́n ń pè ní omi gọ́tà, igbó sì ń bẹ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kó sínú èyí lè ké sí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1989, wọ́n sì ń gba àwọn kan nímọ̀ràn, wọ́n ń tọ́jú àwọn kan. Àmọ́ ọwọ́ tó ń tọ́jú náà ni ọwọ́ tó ń mú èèyàn lọ sí kóòtù gíga. Ìyá tó fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ òun là kò mọ̀ bóyá ẹ̀wọ̀n lòun ń pè fún un. Mo rò pé ìbẹ̀rù yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ gba ilé bíi ti Olóore lọ.

Kentucky ńkọ́? Ní 2002, ọmọkùnrin ẹni ọdún 23 kan kú nítorí heroin. Àwọn òbí rẹ̀ ti wá ọ̀nà tipátipá títí, wọ́n ní ọmọ náà ti dàgbà, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Ìyá rẹ̀ jà títí wọ́n fi ṣe òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà, Casey's Law, ní 2004. Ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lè kọ̀wé sí kóòtù; àwọn onímọ̀ ìlera méjì á yẹ onítọ̀hún wò, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà; adájọ́ lè pàṣẹ ìtọ́jú fún 60 ọjọ́ tàbí títí dé 360. Ẹni tó kọ̀wé ló ń fọwọ́ sí i pé òun yóò san owó rẹ̀. New York ní Kendra's Law láti 1999, fún alárùn ọpọlọ tó ń gbé nílé tí kò lo oògùn rẹ̀. Wọ́n da owó ńlá sórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé wọn, àwọn ìwádìí kan sì ní ó dín ìpadà sí ilé ìwòsàn kù. Àwọn dókítà ní England dán irú rẹ̀ wò lọ́nà tó le jù: wọ́n pín aláìsàn 336 sí ọ̀nà méjì, wọ́n fi àṣẹ òfin so ìdajì mọ́ ìtọ́jú, wọ́n fi ìdajì kejì sílẹ̀ lọ́nà tó rọrùn. Èsì tó jáde ní 2013 ni pé ẹni 36 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà sí ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé níbi tí àṣẹ ti ṣiṣẹ́, ó jọ pé òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ lé àṣẹ náà ló ṣe é, àti owó.

Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ apá ibi tí àṣẹ ń gbà ju àwa lọ. Òfin ìlera ọpọlọ tiwọn ti 1983 jẹ́ kí wọ́n dá ẹnì kan dúró fún ọjọ́ 28 láti yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí oṣù mẹ́fà fún ìtọ́jú, àwọn dúdú ni wọ́n sì ń dá dúró jù lọ, ní ìwọ̀n tó lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ní 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 23 kan, Olaseni Lewis, tí ẹbí rẹ̀ fúnra wọn mú lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ara rẹ̀ kò balẹ̀, kú lẹ́yìn tí ọlọ́pàá mọ́kànlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn Bethlem. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ jáde. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ fi ọdún mẹ́jọ jà, títí ilé aṣòfin fi ṣe òfin kan ní 2018 tí wọ́n ń pè ní Seni's Law, tó ní kí gbogbo ilé ìwòsàn ọpọlọ máa kọ ìgbà tí wọ́n bá fi ipá mú aláìsàn sílẹ̀, kí wọ́n sì dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. Òun náà ni ìbéèrè tí mo ń bi: ta ló dè é, fún wákàtí mélòó? Wọ́n ní kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ewu tó wà nínú agbára yìí jẹ́ ti ìlú òyìnbó nìkan. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobùú àti Ìfọ́n mọ ohun tí ilẹ̀ lè mú èèyàn ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà lórí ààlà ilẹ̀ le débi pé ìjọba fi òfin kónílé-ó-gbélé dè wọ́n. Nínú ẹbí tí wọ́n ń du ilé bàbá, kò ṣòro fún ẹ̀gbọ́n láti búra pé orí àbúrò òun kò pé. Kò ṣòro fún ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó tuntun láti sọ pé ìyàwó àtijọ́ ti ya wèrè. Lábẹ́ òfin 1916, ìbúra ẹnì kan àti ìwé dókítà kan tó láti ba ayé ẹnì kan jẹ́. Ẹni tó ń wá àṣẹ láti mú aláìsàn gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn pé kí ẹlòmíràn wádìí òun náà.

Síbẹ̀, àṣẹ kóòtù lè ṣàǹfààní. Ní Èkó, òfin ọ̀daràn wọn ti 2011 ní kí kóòtù rán ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Àṣẹ ìtọ́jú láti ọwọ́ kóòtù nìyẹn, nílẹ̀ Yorùbá gan-an, ó sì dára ju òfin ọ̀daràn àtijọ́ tó ń sọ ẹni bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n. Àwọn kan tí kò ṣẹ̀ rárá náà ti bá ara wọn lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà. Ìwádìí Amnesty International ní 2008 rí alárùn ọpọlọ tí ẹbí tàbí ọlọ́pàá kó sọ́gbà ẹ̀wọ̀n nítorí pé kò síbi tí wọn ó kó wọn sí. Ẹlẹ́wọ̀n tó ṣẹ̀ mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Aláìsàn tí kò ṣẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́bàá ààlà wa, Grégoire Ahongbonon, ọmọ agbègbè Kétu ní Benin, tó ti fìgbà kan ṣe fọ́kanáísà ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀ ní 1983. Láti àwọn ọdún 1990 ló ti ń lọ sí abúlé dé abúlé, tó ń já ẹ̀wọ̀n lára alárùn ọpọlọ, tó ń kó wọn lọ síbi ìtọ́jú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́. Kò gba àṣẹ kóòtù. Ẹni tí wọ́n já ẹ̀wọ̀n lára rẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ aláìsàn rí. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Trust fún un ní oyè Ọmọ Áfíríkà ti Ọdún ní 2015. Àwọn kan ní iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dókítà tó, bóyá òótọ́ ni. Àmọ́ ó fi hàn pé oògùn tí kò wọ́n àti ẹni tó ń padà wá bẹ èèyàn wò lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí à ń fẹ́ kí adájọ́ ṣe.

Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fún Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti kóòtù tuntun. Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ tí òfin tuntun náà sọ wà ní Òṣogbo, kó máa jókòó nínú ilé ìwòsàn níbi tí kò ti sí èrò ìlú, kó yẹ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tí wọ́n mú wá pẹ̀lú okùn wò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ẹnì kan tó ti ya wèrè rí tó sì ti gbádùn wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn náà sì wà níbẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wọn la kọ́kọ́ ń lọ, bó wù wá, bó kọ̀ wá. Kí ìwé wà tó sọ ẹni tó mú aláìsàn wá, ohun tó rí, àti ọjọ́ tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò. Kí àwọn ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn tó ń gba alárùn ọpọlọ náà máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì sì máa yà síbẹ̀ bí Gureje ti ṣe é ní Ìbàdàn. Kóòtù á wà lẹ́yìn gbogbo èyí fún ẹni tí ìgbìmọ̀ kò tẹ́ lọ́rùn. Ibẹ̀ ni ó yẹ ẹ́.

Owó ló kù. Ní Kentucky, ìyá ń fọwọ́ sí ìwé kó tó gba gbèsè ìtọ́jú ọmọ rẹ̀. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìyá ti ń san án tipẹ́ láìfọwọ́ sí nǹkan kan: fún áàfáà, fún wòlíì, fún oníṣègùn, fún ọkọ̀ Òṣogbo, fún oògùn tí wọ́n kọ fún un tí kò sí ní kàǹtà ilé ìwòsàn. Ìjọba Ọ̀ṣun lè ka iye tí ìyá bẹ́ẹ̀ ń ná lọ́dún kan, kí wọ́n tó jókòó ní ilé aṣòfin ní Òṣogbo láti gbé òfin tiwọn jáde.